Pọ́ìntì tó wà lójú pátákó kì í ṣe ti àwọn akọlù nìkan

Bí ọwọ́ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù yunifásítì kan bá rọ ní Amẹ́ríkà, ohun tí àwọn alátìlẹ́yìn máa ń kọ́kọ́ bi ara wọn ni pé pọ́ìntì mélòó ni wọ́n ń jẹ. Bó bá kéré, wọ́n á ní àwọn akọlù ò mọ nǹkan kan. Bó bá pọ̀, wọ́n á máa kan sáárá sí wọn. Ó dùn-ún gbọ́ létí débi pé Yunifásítì Iowa kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn iṣẹ́ lọ́dún 2023. Àmọ́ ìṣirò náà wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé fún ẹni tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá nìkan ló mọ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹgbẹ́ kan pín sí nínú bọ́ọ̀lù ti àwọn Amẹ́ríkà. Àwọn akọlù ló ń gbé bọ́ọ̀lù lọ síwájú. Tó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ kejì, wọ́n á jáde, àwọn adènà á wọlé. Ìpín kẹta ló ń bójú tó gbígbá bọ́ọ̀lù lọ sọ́nà jíjìn àti sísáré gbé e padà. Ìgbìyànjú mẹ́rin ni akọlù ní láti rin yáàdì mẹ́wàá. Bí wọ́n bá rí i pé kò ní í ṣeé ṣe, wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù náà jìnnà fún ọ̀tá, èyí ni punt. Bí wọ́n bá gbé e dé ilé ọ̀tá, touchdown nìyẹn, pọ́ìntì mẹ́fà. Bí wọ́n bá gbá a gba àárín òpó, field goal ni, mẹ́ta. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé kò sí ìpín tí kò lè jẹ pọ́ìntì. Adènà lè já bọ́ọ̀lù gbà lófuurufú kó sì sáré wọlé, ó sì lè mú ọ̀tá mọ́lẹ̀ nínú ilé ọ̀tá fúnra rẹ̀, kí wọ́n fún un ní pọ́ìntì méjì. Safety ni wọ́n ń pe ìyẹn.

Lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án 2022, Iowa gba South Dakota State lálejò ní Kinnick Stadium, wọ́n sì borí pẹ̀lú 7 sí 3. Ẹni tó bá rí 7 lójú pátákó á rò pé touchdown kan ni, pẹ̀lú pọ́ìntì kan tí wọ́n máa ń fi lé e. Rárá o. Field goal kan àti safety méjì ni! Àwọn akọlù ò wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nínú pọ́ìntì méje tó fún Iowa ní ìṣẹ́gun, àwọn adènà ló ni mẹ́rin.

Brian Ferentz ni olórí àwọn akọlù nígbà náà. Bàbá rẹ̀, Kirk, sì ni akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà láti 1999, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí ti di ọ̀rọ̀ ẹbí kó tó di ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Nígbà tí ariwo pọ̀, ilé ìwé gé owó oṣù Brian lọ́dún láti 900,000 dọ́là sí 850,000, wọ́n sì ní kí ẹgbẹ́ náà jẹ pọ́ìntì 25 ní ìpíndọ́gba, kí wọ́n sì borí ó kéré tán lẹ́ẹ̀méje. Ìdíje 13 lọ́nà 25, 325 nìyẹn, àwọn alátìlẹ́yìn sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀: pọ́ìntì tí àwọn adènà bá jẹ náà wọ ìṣirò. Bí ìyàwó bá ti ọjà mú ìdajì owó oúnjẹ wálé, ṣé baálé nìkan la máa yìn pé ó gbọ́ bùkátà?

Nǹkan bí oṣù kan péré ṣáájú ìyẹn, lọ́jọ́ 31 oṣù Kejìlá 2022, Iowa na Kentucky ní 21 sí 0 ní Nashville. Xavier Nwankpa (orúkọ Íbò nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni) já bọ́ọ̀lù gbà, ó sáré wọlé. Cooper DeJean náà ṣe bẹ́ẹ̀. Adènà ni àwọn méjèèjì. Méje péré ló kù fún àwọn akọlù, àmọ́ 21 ni ìwé àkọsílẹ̀ ń sọ.

Ohun kejì tí pátákó ń bò mọ́lẹ̀ ni ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àti iye ìgbà tí bọ́ọ̀lù bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ méjì lè jẹ 28 lọ́jọ́ kan náà, kí ọ̀kan gba bọ́ọ̀lù nígbà mẹ́sàn-án, kí èkejì gbà á nígbà 14. Wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ra. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní ìlà yáàdì 20 tirẹ̀ ní yáàdì 80 láti rìn, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní ìlà yáàdì 30 ọ̀tá lè má rìn rárá kó sì gbá field goal wọlé.

Níbí ni Tory Taylor, ọmọ Melbourne ní Ọsirélíà, ti wọ ọ̀rọ̀ wá. Ìgbà 93 ló gbá punt fún Iowa ní sáà 2023, àpapọ̀ yáàdì 4,479, ó sì fọ́ àkọsílẹ̀ kan tó ti wà láti 1938. Ojú méjì ni mo fi ń wo iye yẹn. Ó ń sọ fún wa pé àwọn akọlù kùnà léraléra. Ó tún ń sọ pé ọ̀tá máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ilé wọn, tí Iowa á fi gba bọ́ọ̀lù padà nítòsí. Láìsí Taylor àti àwọn adènà, ìpíndọ́gba pọ́ìntì wọn ì bá tún burú ju bó ṣe rí lọ. Àwọn tó ń bínú sí pọ́ìntì yẹn ò mọ̀ pé ṣe ló ń bá Brian bo àṣírí.

Lálẹ́ ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án 2023, kò sóhun tó bò ó mọ́. Penn State na Iowa ní 31 sí 0. Ìgbà 97 ni Penn State gbé bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́, Iowa ṣe é nígbà 33, yáàdì 76 ni wọ́n sì rí fún gbogbo alẹ́ náà. Olu Fashanu tiwa wà lára àwọn òmìrán tó ń dáàbò bo ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún Penn State. Iṣẹ́ àwọn yẹn kì í hàn lójú pátákó, bẹ́ẹ̀ sì rèé, orí rẹ̀ ni gbogbo eré dúró lé.

Lọ́jọ́ 30 oṣù Kẹwàá, ilé ìwé kéde pé Brian ò ní padà wá lẹ́yìn sáà náà. Ìdíje mẹ́fà ni wọ́n ti borí nínú mẹ́jọ lọ́jọ́ yẹn! Wọ́n borí mẹ́wàá nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, pọ́ìntì 15.4 ni ìpíndọ́gba wọn, àwọn ló sì gbẹ̀yìn nínú yáàdì nínú ẹgbẹ́ 133. Òótọ́ ni pé Cade McNamara tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn ti farapa lórúnkún, àwọn méjì tó ń bá a gbà á dáadáa, Luke Lachey àti Erick All, náà ti farapa. Àmọ́ ipò 130 nínú 131 ni wọ́n ti wà lọ́dún tó ṣáájú, kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Mi ò ní gba ẹjọ́ Brian rò.

Tim Lester gba iṣẹ́ náà lọ́dún 2024, ìpíndọ́gba sì fò sókè kọjá 27. Àwọn alátìlẹ́yìn ní, "Ṣebí a ti wí." Kaleb Johnson, tó ti wà níbẹ̀ láyé Brian, sáré yáàdì 1,537, ó sì fẹsẹ̀ gbé touchdown 21 wọlé. Ìyẹn, mo gbà. Ṣùgbọ́n ní ti bọ́ọ̀lù jíjù, ìdí àtẹ ni wọ́n ṣì wà. Nígbà tí wọ́n jẹ 24 lọ́wọ́ Missouri lọ́jọ́ 30 oṣù Kejìlá, touchdown kan nínú rẹ̀ jẹ́ ti Kaden Wetjen, tó gba bọ́ọ̀lù tí Missouri gbá wá, tó sì sá a ní yáàdì 100. Lester tún eré sísá ṣe. Jíjù ló kù sí i lọ́rùn.