Aràn inú adìyẹ ilé àti ìtọ́jú ẹ̀ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Aràn inú adìyẹ ni oríṣiríṣi aràn tó ń gbé inú ìfun adìyẹ, tó ń bá a pín oúnjẹ tó bá jẹ, tó sì lè sọ àgbébọ̀ tó sanra di egungun lásán lábẹ́ ìyẹ́. Ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, láti Ìjẹ̀bú-Igbó wá sí Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Ṣàgámù, Ìkẹ́nnẹ́ àti Ìṣarà, adìyẹ ìbílẹ̀ táwọn èèyàn ń sìn lẹ́yìnkùlé ló máa ń ní i jù, torí adìyẹ wọ̀nyí kìí gbé inú kéèjì, ilẹ̀ ni wọ́n ti ń ta oúnjẹ wọn jẹ, ilẹ̀ yẹn náà ni wọ́n sì ń yàgbẹ́ sí. Oògùn ẹ̀ wà, kò sì ṣòro rí. Ibi tó ti ń le ni pé inú adìyẹ nìkan ni oògùn ń dé, kìí dé ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ gan-an ni ẹyin aràn ti ń dúró de adìyẹ.

Àwọn aràn náà

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni Ascaridia galli. Aràn funfun ni, ó máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 12, ẹni tó bá la ìfun adìyẹ tó kú á rí i bíi sìpàgẹ́tì tí wọ́n ti bọ̀, nígbà míì ó máa ń pọ̀ débi pé á dí ìfun pa. Kò nílò kòkòrò míì láti fi ràn: adìyẹ tó ní i á yàgbẹ́, ẹyin aràn tó wà nínú ìgbẹ́ yẹn, tí ojú lásán ò lè rí, á wà nínú ilẹ̀ tó tutù tó sì móoru fún bíi ọ̀sẹ̀ méjì kó tó lágbára àti ràn, adìyẹ míì tó bá wá ṣa á jẹ mọ́ àgbàdo tàbí mọ́ ekòló ti gbé e mì nìyẹn. Ó tún máa ń tó ọ̀sẹ̀ 5 sí 8 lẹ́yìn tó bá gbé e mì kí aràn náà tó dàgbà, kó bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin tiẹ̀. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan aràn yìí máa ń ṣìnà láti ihò ìdí wọ ibi tí ẹyin ń gbà, ẹni tó fọ́ ẹyin sínú àwo á kàn rí aràn níbẹ̀. Ó ń kóni nírìíra lóòótọ́, àmọ́ aràn yìí kìí ran èèyàn.

Heterakis gallinarum kéré, kìí ju sẹ̀ǹtímítà 1 àti ààbọ̀ lọ, inú àwọn ìfun méjì tó dí lẹ́nu nísàlẹ̀ ló ń gbé. Òun fúnra ẹ̀ kìí ṣe adìyẹ ní nǹkan púpọ̀, àmọ́ ó máa ń gbé kòkòrò àìfojúrí kan kiri tí wọ́n ń pè ní Histomonas, èyí tó máa ń ba ẹ̀dọ̀ tòlótòló jẹ́, ìdí nìyẹn tí kò fi dáa kéèyàn máa da tòlótòló àti adìyẹ pọ̀ sójú àgbàlá kan náà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé tó ń ṣe é pọ̀. Capillaria tín-ín-rín bí irun, ó ṣòro rí kódà téèyàn bá la ìfun, ó sì máa ń ṣọṣẹ́ gan-an. Aràn pẹlẹbẹ tún wà, bíi Raillietina, tí ara ẹ̀ jẹ́ oríkèé-oríkèé, èyí kìí ràn láti ara ìgbẹ́ tààrà, inú èèrà, yímíyímí tàbí eṣinṣin ló máa ń kọ́kọ́ gbé, adìyẹ á wá jẹ kòkòrò náà, tó bá yá oríkèé aràn á máa já jáde nínú ìgbẹ́ bíi hóró ìrẹsì. Syngamus trachea kìí gbé inú ìfun rárá, ọ̀nà èémí ló ń gbé, adìyẹ tó bá ní i á máa na ọrùn, á máa ya ẹnu.

Ìdí tó fi ń pọ̀ níbí

Omi àti òjìji ni. Òjò Ìjẹ̀bú máa ń bẹ̀rẹ̀ dáadáa láti bí oṣù kẹrin, ó máa ń lọ títí wọ oṣù kẹwàá, àfi ìwọ̀nba ìsinmi inú oṣù kẹjọ, ẹ̀yìnkùlé sì kún fún ọ̀gẹ̀dẹ̀, kòkó àti obì, oòrùn kìí fi bẹ́ẹ̀ ráyè kan ilẹ̀ lábẹ́ wọn. Ẹyin aràn tó bá bọ́ sírú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè wà láàyè fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó tiẹ̀ lè ju ọdún kan lọ. Èèpo ẹ̀ le, apakòkòrò tí wọ́n ń pò mọ́ omi fi ń fọlẹ̀ kìí sábà ràn án, oòrùn àti gbígbẹ ló ń pa á.

Ibi tí wọ́n ti ń din gààrí náà wà ńbẹ̀. Òkìtì èèpo pákí ni adìyẹ gbogbo àdúgbò máa ń pàdé sí, tilé yìí tọ̀hún, wọ́n á jọ máa ta á, wọ́n á jọ máa yàgbẹ́ sí i, ẹnì kan lè tọ́jú adìyẹ tiẹ̀ dáadáa tán lọ́jọ́ Ajé kó tún lọ kó aràn míì wálé lọ́jọ́ Ẹtì. Òròmọdìyẹ ló máa ń jìyà ẹ̀ jù, torí adìyẹ tó bá ti lé ní oṣù mẹ́ta máa ń ní agbára díẹ̀ sí Ascaridia, àmọ́ èyí tí oúnjẹ ẹ̀ jẹ́ èèpo pákí lásán, tí kò rí nǹkan tó lágbára jẹ, agbára yẹn kìí pé lára ẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń mọ̀

Àwọn àgbà máa ń sọ pé adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀. Ká sọ òótọ́, adìyẹ kìí làágùn, ńṣe ló máa ń ya ẹnu mí hẹlẹhẹlẹ tí ooru bá mú un, àmọ́ ọ̀rọ̀ nípa ìyẹ́ yẹn bá ti aràn mu gẹ́lẹ́: adìyẹ á ti rù tán ká tó fojú rí i. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀. Wọ́n á gbé adìyẹ, wọ́n á fọwọ́ kan egungun àárín àyà ẹ̀, tí egungun yẹn bá yọ ṣóńṣó bí ẹnu ọ̀bẹ tí ẹran ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sì ti lọ, ó ti pẹ́ tí nǹkan ti ń ṣe é. Àwọn àmì míì ni kí ogbe ẹ̀ ṣì, kí apá ẹ̀ wọ́ nílẹ̀, kó máa yàgbẹ́ ṣọ̀ọ̀rọ̀, kó má yé ẹyin mọ́, kó sì máa jẹun àjẹìsanra.

Gbogbo ìyẹn kìí ṣe aràn lásán ló ń fà á o. Adìyẹ tó ń sàba máa ń rù, kò ṣàìsàn. Iná adìyẹ tó ń mu ẹ̀jẹ̀ náà lè jẹ́ kí ogbe ṣì, ó yẹ kí wọ́n ya ìyẹ́ abẹ́ ìdí àti abẹ́ apá wò lálẹ́. Ìgbẹ́ tó bá lẹ́jẹ̀ nínú, pàápàá lára àwọn kékeré, àrùn Eimeria ló sábà máa ń jẹ́, amprolium ni wọ́n ń lò fún ìyẹn, oògùn aràn ò lè ṣe nǹkan kan sí i. Tó bá wá jẹ́ lùkúlùkú, èyí tó máa ń jà jù lásìkò ọyẹ́, adìyẹ púpọ̀ á kú láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọrùn àwọn míì á lọ́, kò sí oògùn tó ń wò ó, àjẹsára ṣáájú nìkan ni. Ẹni tó rí adìyẹ mẹ́fà tó kú lọ́sẹ̀ kan tó wá ń ra oògùn aràn, ọ̀tọ̀ ni ohun tó ń bá jà.

Ọ̀nà tó dájú ni kí dókítà ẹran fi máíkírósíkóòpù wo ìgbẹ́. Wọ́n máa ń po ìgbẹ́ tútù mọ́ omi iyọ̀ tó ki, ẹyin aràn á léfòó, wọ́n á sì rí irú èyí tó jẹ́. Ilé ìwòsàn ẹran tí yunifásítì ní wà ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, wọ́n sì máa ń rí dókítà ẹran ìjọba lágbègbè. Tí ọ̀kan bá ti kú, kí wọ́n la ìfun ẹ̀ wò kí wọ́n tó sin ín, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ló máa ń yanjú níbẹ̀.

Oògùn

Piperazine ni oògùn àtijọ́, Ascaridia nìkan ló mọ̀ ọ́n lé. Kìí pa á, ńṣe ló ń rọ ọ́ lápá rọ ọ́ lẹ́sẹ̀, ìfun á wá tì í jáde pẹ̀lú ìgbẹ́. Levamisole mú ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń bá Ascaridia, Heterakis àti Capillaria jà. Òun náà ló wà nínú Ketrax táwọn ìyá máa ń fún ọmọ nílé. Fenbendazole gbòòrò jù wọ́n lọ, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún ti ọ̀nà èémí. Fún aràn pẹlẹbẹ, praziquantel ni, ẹni tó rí hóró ìrẹsì nínú ìgbẹ́ tó wá lọ ra piperazine, owó ẹ̀ ti ṣòfò.

Ìṣirò ló máa ń da èèyàn láàmú, torí páálí oògùn ń sọ̀rọ̀ sí ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún adìyẹ, á ní ká da odindi sáṣẹ́ẹ̀tì sínú ọ̀pọ̀ lítà omi, ẹni tó ní adìyẹ mẹ́rin á wá máa fi ṣíbí tíì méfò. Adìyẹ ìbílẹ̀ tó dàgbà sábà máa ń wọ̀n kílò 1 sí 1 àti ààbọ̀. Ìwọ̀n levamisole tí wọ́n máa ń lò ni bíi mílígíráàmù 20 fún kílò kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni pé adìyẹ kílò 1 àti ààbọ̀ á gba mílígíráàmù 30. Tí páálí bá kọ 20% sára, mílígíráàmù 200 ló wà nínú gíráàmù kan ìyẹ̀fun náà, tí wọ́n bá wá po gíráàmù 5 mọ́ mílílítà 100 omi, mílígíráàmù 10 ló máa wà nínú mílílítà kan, adìyẹ yẹn á gba mílílítà 3. Tí nọ́ńbà tó wà lára páálí bá yàtọ̀, ìṣirò náà á yí padà, ohun tí páálí àti dókítà bá sọ ni kí wọ́n tẹ̀ lé.

Kí wọ́n kàn pò ó sínú omi mímu kìí sábà ṣiṣẹ́ fún adìyẹ tó ń rìn kiri, lásìkò òjò pàápàá, torí omi wà nínú gọ́tà, omi wà nínú abọ́ ajá, kí ló máa gbé e dé ibi omi kíkorò. Tí omi ni wọ́n fẹ́ lò, kí wọ́n dé wọn mọ́nú àgò tàbí ilé wọn láti alẹ́, kí wọ́n má fún wọn lómi fún bíi wákàtí méjì láàárọ̀, kí wọ́n tó gbé omi oògùn sí i. Èyí tó ti ń ṣàìsàn gan-an kìí mumi púpọ̀, tiẹ̀ síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ ló dáa, wọ́n á máa kán an sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó má bàa gba ọ̀nà èémí. Tí aràn bá pọ̀ jù tó sì kú lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè dí ìfun, ìdí nìyẹn tó fi dáa kí wọ́n ṣọ́ adìyẹ tó ti rù kanlẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan.

Wọ́n máa ń tún un lò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, torí àwọn ọmọ aràn tó sá pamọ́ sára ògiri ìfun nígbà àkọ́kọ́ á ti jáde. Ẹyin àti ẹran adìyẹ tó gba oògùn, iye ọjọ́ tí wọ́n ò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ máa ń wà lára páálí, ó sì yàtọ̀ láti oògùn sí oògùn.

Ewé wà tí wọ́n ń lò: ewúro, efinrin, dóńgóyárò, àti hóró ìbẹ́pẹ tí wọ́n gún. Wọ́n ti dán oje ìbẹ́pẹ wò lára Ascaridia, ó sì dín in kù, àmọ́ kò sí ìwọ̀n kan pàtó téèyàn lè gbójú lé nílé, fún adìyẹ tó ti dojú bolẹ̀ kò tó.

Ilẹ̀

Láti ọjọ́ kìíní sí ìkẹta lẹ́yìn oògùn, aràn á máa jáde, orí sìmẹ́ńtì tàbí inú àgò ló yẹ kí adìyẹ wà nígbà yẹn, kí wọ́n kó ìgbẹ́ náà sun tàbí kí wọ́n sin ín síbi tí adìyẹ ò lè ta. Ẹni tó bá tú u sílẹ̀ sẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ yẹn gan-an kàn gbin aràn fún oṣù tó ń bọ̀ ni. Kí wọ́n gé ẹ̀ka igi tó bo ibi tí wọ́n ń sùn kí oòrùn lè wọlé, kí wọ́n gbé abọ́ oúnjẹ kúrò nílẹ̀, kí abọ́ omi má máa ṣẹ́ sílẹ̀. Ìyẹ̀fun igi láti ibi tí wọ́n ti ń lagi, tó pọ̀ rẹpẹtẹ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, dáa láti tẹ́ sílé wọn tó bá gbẹ dáadáa, tó bá ti tutù kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀. Fún adìyẹ tó ń rìn kiri, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ ń fún un loògùn, lílò ó lóṣooṣù máa ń jẹ́ kó mọ́ aràn lára.

Adìyẹ tuntun tí wọ́n bá rà lọ́jà, yálà fún iléyá tàbí fún sísìn, kí wọ́n dá a sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó gba oògùn lórí sìmẹ́ńtì, kí wọ́n tó tú u sáàárín àwọn tó wà nílé.