Bí Wọ́n Ṣe Ń Di Àpò Dókítà Tó Ń Wo Aláìsàn Nílé

Ẹni tó bá fẹ́ kó gbogbo òògùn sínú àpò kan, ojú ọ̀nà ló ti máa rẹ̀ ẹ́. Ohun tó lè pa aláìsàn kí ọkọ̀ tó gbé e dé ilé ìwòsàn ni wọ́n ń kọ́kọ́ dì. Ìyókù lè dúró. Ìdí nìyẹn tí àpò tí wọ́n ń gbé lọ sí Òkèsà, nígboro Iléṣà, kì í fi wúwo tó èyí tí wọ́n ń gbé lọ sí abà kan lẹ́yìn Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí òjò alẹ́ kan ti lè sọ ọ̀nà di ẹrẹ̀.

Kí ẹnu àpò fẹ̀, kí ìdí rẹ̀ le, kó ṣe é fi omi JIK nù, kí inú rẹ̀ sì funfun. Inú dúdú máa ń gbé àmpúùlù, ìgò kékeré tí òògùn abẹ́rẹ́ ń wà nínú rẹ̀, mì.

Àpò kékeré pupa kan ló ń wà lókè pátápátá. Nǹkan mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: adrenaline fún ẹni tí ara rẹ̀ kọ òògùn tàbí oúnjẹ lójijì, glucose fún ṣúgà tó já wálẹ̀, diazepam fún gìrì tó ti kọjá ìṣẹ́jú 5, àti ínhélà salbutamol fún ikọ́ fée. Wọ́n á fi rọ́bà di òògùn abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ́ síríńjì tirẹ̀. Bí iná bá lọ lóru, tí dókítà fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú, tí ìyá ọmọ ń ké, ta ló ráyè máa wá síríńjì kiri?

Síríńjì yìí gan-an ló sì máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Àmpúùlù adrenaline tó wọ́pọ̀ jẹ́ 1 mL, 1 mg ló wà nínú rẹ̀. Àgbàlagbà ń gba 0.5 mL sínú ẹran itan lápá ìta. Ọmọ ọdún 6 sí 12 ń gba 0.3, ọmọ tí kò tó ọdún 6 ń gba 0.15. Ẹ wá gbé síríńjì 5 mL, kẹ́ ẹ fi wọn 0.15: ìlà àkọ́kọ́ ara rẹ̀ ti jẹ́ 0.2. Síríńjì 1 mL ló yẹ kó wà níbẹ̀, kì í sì í ṣe ti insulin, òògùn ìtọ̀ ṣúgà, tí wọ́n fi yúníìtì sàmì sí. Kí wọ́n kọ ìwọ̀n wọ̀nyí sí páálí, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpò pupa náà.

Ínhélà nìkan kò ran ọmọdé lọ́wọ́, torí kò mọ bí wọ́n ṣe ń fà á. Ike omi 50cl tó ti gbẹ ló ń tán an: wọ́n á lu ìdí rẹ̀ ní ìwọ̀n ẹnu ínhélà, wọ́n á fi sẹ́lótéèpù dí i yíká kó má jò, ọmọ á sì máa mí láti ẹnu ike. Ẹ fín in lẹ́ẹ̀kan, kí ọmọ mí nígbà márùn-ún sí mẹ́fà, kẹ́ ẹ tó fín òmíràn.

Kí wọ́n tó gún ìka láti wo ṣúgà, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kó sì gbẹ. Ìka tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bó ọsàn tán máa ń mú kí ẹ̀rọ parọ́, á ní ṣúgà pọ̀ nígbà tó ti lọ sílẹ̀. Tó bá wà lábẹ́ 70 mg/dL, tí aláìsàn sì lè gbé nǹkan mì, hóró ṣúgà onígun mẹ́rin 4 tàbí 5 tí wọ́n pò mọ́ omi ni kó mu, kí wọ́n tún wò ó lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Ẹni tí kò bá mọ ibi tó wà, wọn kì í da ohunkóhun sí i lẹ́nu o. Inú iṣan ni glucose tirẹ̀ ń gbà.

Ooru ni ọ̀tá àpò yìí. Ọkọ̀ tí wọ́n gbé sínú oòrùn ọ̀sán, tí wọ́n ti gíláàsì rẹ̀ pa, lè gbóná ju 50°C lọ nínú, bẹ́ẹ̀ láàárín 2 sí 8°C ni oxytocin, òògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ ìbímọ dúró, àti insulin tí wọn ò tíì ṣí ń gbé. Kúlà kékeré ló ń bá wọn gbé e. Àmọ́ àwọn kan á gbé insulin lé yìnyín lórí bẹ́ẹ̀, á sì dì. Insulin tó bá ti dì rí ti bà jẹ́ nìyẹn, bó tilẹ̀ yọ́ padà tó mọ́ gaara. Aṣọ ìnura ni wọ́n fi ń wé yìnyín kó tó wọ kúlà.

Aṣọ ẹ̀rọ BP tó wọ́pọ̀ wà fún apá tí àyíká rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 22 sí 32. Lára apá tó tóbi jù bẹ́ẹ̀, á ní ẹ̀jẹ̀ ń ru níbi tí kò ti ru, nítorí náà wọ́n ń mú ńlá dání. Làálì àti èékánná tí wọ́n kùn lè da ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ ìka láti wo atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ rú. Kí wọ́n wá ìka tí wọn ò kùn.

Fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, ORS (iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi) oní-lítà kan ń gba pure water 2, torí 50cl ni ọ̀kan. Ẹni tó bá fi ẹyọ kan pò ó ti ki iyọ̀ rẹ̀ jù, ìyẹn sì léwu fún ọmọ. Zinc ń bá a rìn, 20 mg lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 ó kéré tán. 10 mg ni ti ọmọ tí kò tó oṣù 6.

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò, wọn kì í dé e padà. Inú ike tó le ló ń lọ, wọ́n á sì pààrọ̀ ike náà tó bá ti kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ike omi 50cl kò ṣe é lò, abẹ́rẹ́ á yọ jáde lára rẹ̀.

Wọ́n tún ń béèrè ìwé tó wà nílé, àti gbogbo òògùn tí aláìsàn ń lò, títí kan àgbo. Àwọn tó ń tọ́jú ọmọ ní agbègbè yìí mọ iyì ìwé ilé: Dókítà David Morley, tó dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ní 1956, fi káàdì ìwọ̀n ọmọ sọ́wọ́ àwọn ìyá fúnra wọn ní Ìmẹ̀sí-Ilé, nínú àpò ọ̀rá kí omi má bàa bà á jẹ́.

Alẹ́ tí wọ́n bá padà dé ni wọ́n ń dí ohun tó tán, kì í ṣe àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n tún fẹ́ jáde. Diazepam ní ìwé tirẹ̀ tí wọ́n ń kọ ọ́ sí, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọjọ́ àti aláìsàn tó gbà á. Lóṣooṣù, wọ́n á tan gbogbo ẹ̀rọ wò bóyá bátìrì ṣì lágbára, wọ́n á sì gbé àmpúùlù sójú ìmọ́lẹ̀. Adrenaline tó bá ti ń pọ́n, kódà kí ọjọ́ ara rẹ̀ má tíì pé, wọ́n ń dà á nù.