Òkúta ló ti wá: bí lítíọ́ọ̀mù ṣe di oògùn ọpọlọ

Bí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bá ti jẹ ẹ̀kọ tán láàárọ̀ ní Èbúté Mẹ́ta, á gbé hóró lítíọ́ọ̀mù rẹ̀ mì, á sì mu omi ife méjì lé e. Kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, ó lè fi ọjọ́ mẹ́rin gbáko sọ̀rọ̀ láì fojú kan oorun. Ìdílé wa ò fẹ́ gbọ́ orúkọ Yábàá rárá, torí pé ilé ìtọ́jú ọpọlọ tó wà níbẹ̀ láti 1907 ti di ohun tí wọ́n fi ń búni ní Èkó. Ó dùn mí pé ìtìjú yẹn mú ìyà rẹ̀ pẹ́.

Inú òkúta kan ní Sweden ni Johan August Arfwedson ti rí lítíọ́ọ̀mù ní 1817. Látinú ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún òkúta ni wọ́n ti fún un lórúkọ.

John Cade, dókítà ará Ọsirélíà tó ti ṣẹ̀wọ̀n ogun lọ́wọ́ àwọn ará Japan, gbà pé májèlé kan nínú ara ló ń da orí àwọn aláìsàn rú, ó sì ń wá a nínú ìtọ̀ wọn. Níbi tó ti ń dán èrò yẹn wò, ó gún àwọn ẹran kéékèèké kan, guinea pig, ní abẹ́rẹ́ iyọ̀ lítíọ́ọ̀mù. Ó fẹ̀yìn wọn lélẹ̀, wọn ò jà. Wọ́n kàn ń wò ó ni. Ó mu ún wò fúnra rẹ̀ kó tó fún aláìsàn ní 1948. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó kọ̀wé nípa èèyàn 10 tí ara wọn rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1950, oògùn náà pọ̀jù lára aláìsàn àkọ́kọ́ yẹn, ó sì pa á.

Báwo ni lítíọ́ọ̀mù ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú orí? Ọ̀nà kan tí wọ́n ń wò nìyí: ọpọlọ ní ọdẹ tirẹ̀ tó ń ṣọ́ ọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì microglia. Bí àrùn bá wọlé, wọ́n á fọn fèrè: wọ́n á tú èròjà bíi TNF jáde láti fi ránṣẹ́. Bí fèrè ò bá dákẹ́ lẹ́yìn tí olè ti lọ, onílé ni kò ní sùn. Ibẹ̀ á gbóná, àwọn sẹ́ẹ̀lì á sì máa bàjẹ́. Ní 1996, àwọn olùwádìí Klein àti Melton fi hàn pé lítíọ́ọ̀mù ń di GSK-3 lọ́wọ́, ìyẹn ẹ́ńsáìmù kan, èròjà tó ń mú iṣẹ́ yá nínú sẹ́ẹ̀lì. Ní 2005, àwọn mìíràn rí i nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pé bí wọ́n bá di GSK-3 lọ́wọ́, TNF á lọ sílẹ̀, IL-10 tó ń pẹ̀tù sí i á gòkè. Wọ́n ti rí irú rẹ̀ nínú microglia tí wọ́n tọ́ ní yàrá ìwádìí. Láti ibẹ̀ dé orí èèyàn, ọ̀nà ṣì jìn.

Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ń yẹ̀ wò lóòrèkóòrè, kí oògùn náà má baà kọjá ìwọ̀n. Oòrùn tó ń fa omi gbẹ lára lè mú un gòkè, bẹ́ẹ̀ náà ni ibuprofen. Kó tó wọ danfo ní Òyìngbò, omi ló máa ń kọ́kọ́ rà.