Pajubá: Orírun Ọ̀rọ̀ Ẹnu Linn da Quebrada

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, olórin kan ní São Paulo gbé àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, ó sì sọ ọ́ ní Pajubá. Linn da Quebrada lorúkọ rẹ̀. Travesti ni. Ohun tí wọ́n ń pe ẹni tí agbẹ̀bí pè ní ọkùnrin ní Brasil nìyẹn, àmọ́ tó jẹ́ pé obìnrin ló ń gbé láyé. Àwọn tó ń sọ ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtàgé: wọ́n á ní Rogéria, travesti òṣèré orí ìtàgé, àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló la ọ̀nà ní 1964, nígbà tí wọ́n ṣe eré Les Girls ní Copacabana, ní Rio de Janeiro. Mi ò bá wọn jà. Rogéria ṣe gudugudu méje títí ó fi kú ní 2017. Ṣùgbọ́n eré yẹn ò sọ ibi tí Linn ti rí ọ̀rọ̀. Orúkọ tó fún àwo rẹ̀ ló sọ ọ́, inú ilé òrìṣà lorúkọ náà sì ti jáde.

Ẹnà ni pajubá. Àwa náà mọ ẹnà, èyí tí a máa ń fi ṣeré ní kékeré, tí a ó máa já ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́ bíi “mo-go fẹ́-gẹ́ lọ-gọ” kí ìyá ẹni má baà gbọ́. Tàwọn travesti yàtọ̀ díẹ̀. Gírámà Potogí ni wọ́n fi ń so ó pọ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti gbóná, wọ́n á yọ ti Potogí kúrò, wọ́n á fi tiwa rọ́pò. Ajeum ni oúnjẹ. Otim ni ọtí. Ocó ni ọkùnrin, ọkọ wa náà ni. Equê ni irọ́, ẹni tó bá sì gbọ́ èké rí kò nílò àlàyé. Edi, ẹ̀yin náà mọ ibi tó wà lára. Ohun tó bá dára, odara ni. Mo ka àwọn ọ̀rọ̀ yìí fún màmá mi lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, oxanã ló sì pa wọ́n lẹ́rìn-ín jù. Sìgá ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún. “Ìṣáná kẹ̀?” Wọ́n gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀. “Wọ́n wá ń mu ìṣáná!”

Àwọn kan máa ń jiyàn pé èdè Kimbundu ti Àǹgólà ló bí i, torí pé mona, tí wọ́n fi ń pe ara wọn, ọ̀rọ̀ Kimbundu ni, ọmọ ló túmọ̀ sí. Òótọ́ ni. Aqué, ìyẹn owó, ti àwọn Fọn ni, akwɛ́ ni wọ́n ń pe owó títí dòní. Ẹ jẹ́ kí oníkálukú mú tiẹ̀. Ẹ wá ka ìyókù.

Èyí tó ń bí mi nínú ni ti orúkọ ẹnà náà fúnra rẹ̀. Wọ́n á ní pajubá túmọ̀ sí àṣírí ní Yorùbá. Yorùbá ìlú wo? Láti ìgbà tí mo ti ń sọ èdè yìí, àṣírí ni àṣírí, awo ni awo. Ẹ gbọ́ tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èrò ọkàn mi lásán ni. A máa ń pa òwe, a ń pa àlọ́, a ń pa àrọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ ọ́, pípa ni wọ́n ń pa á. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó bá wọ ilé òrìṣà yóò sì ṣe ni kó júbà. Ẹni tó dúró níta, tó ń gbọ́ ohùn àwọn tó ń júbà nínú ilé láìgbọ́ ohun tí wọ́n ń wí, kí ni yóò pe gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò yé e yẹn? Pa ìjúbà, pajúbà. Ẹni tó bá ní èyí tó dáa jù ú lọ, kó mú un wá.

Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń fọ́ lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun ń kó àwọn èèyàn wa, wọ́n ń tà wọ́n ní Èkó, ní Àjàṣẹ́ àti ní Ouidah, ọkọ̀ sì ń gbé wọn lọ sí Bahia ní Brasil, tí Salvador jẹ́ olú ìlú rẹ̀. Nagô ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Wọ́n pọ̀ ní Salvador débi pé nígbà tí àwọn Mùsùlùmí dìtẹ̀ ní oṣù kìíní 1835, Nagô ló pọ̀ jù nínú wọn. Ìdìtẹ̀ Malê ni ìtàn ń pè é. Ìmàle ni, wọ́n kàn yí i lẹ́nu. Ilé òrìṣà tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Casa Branca, tí ọ̀pọ̀ ilé yòókù ti ara rẹ̀ yọ, Ilé Àṣẹ Ìyá Nasò lorúkọ rẹ̀, Ìyá Nasò sì ni obìnrin tó ń bójú tó Ṣàngó ọba láàfin Ọ̀yọ́. Oyè ààfin kan sọdá òkun, ó sì rí ilé jókòó sí. Brasil fòpin sí kíkó ẹrú wọlé ní 1850, wọ́n sì tú ẹrú sílẹ̀ ní 1888, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò dáwọ́ lílọ àti bíbọ̀ dúró. Martiniano do Bonfim, ọmọ Bahia tí wọ́n bí ní 1859, wá sí Èkó ní 1875, ó pẹ́ níbí, ó sì padà sílé ní babaláwo.

Ọlọ́pàá ò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Títí di 1976, ilé òrìṣà ní Bahia ní láti gbàṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá kí wọ́n tó lu ìlù. Mo máa ń fojú inú wo ọmọdé kan tó rí wọn tí wọ́n ń bọ̀ lókèèrè, tó sáré wọlé, tó sọ ọ̀rọ̀ Nagô kan ṣoṣo, tí gbogbo ìlù sì dákẹ́.

Ta ló wá gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde sí títì? Nínú ilé òrìṣà, àwọn ọkùnrin tó ń ṣe bí obìnrin ní orúkọ: adé. Èrò tèmi ni pé adé tí ẹlẹ́gùn Ọ̀ṣun àti ti Yemọja ń dé, tí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ń bo ojú, ló bí orúkọ náà, nítorí bí òrìṣà obìnrin bá gun ọkùnrin, adé obìnrin náà ni yóò dé. Kò sì yẹ kó yà wá lẹ́nu. Ṣebí àwọn ẹlẹ́gùn Ṣàngó ń dirun nílé níbí, ọkùnrin ni wọ́n. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òrìṣà kàn, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, ìyàwó ni. Iaô ni Brasil ń pè é dòní. Ilé tí ọkùnrin ti lè jẹ́ ìyàwó, ẹni tí bàbá rẹ̀ lé jáde yóò rí ibi forí pamọ́ sí. Ibẹ̀ làwọn travesti ti kọ́ ọ̀rọ̀.

Lábẹ́ ìjọba ológun láti 1964 sí 1985, ọlọ́pàá ń kó wọn bí ẹni kó ewúrẹ́. Ní 1987, lẹ́yìn tí ológun ti lọ tán, ọlọ́pàá São Paulo tún dọdẹ wọn, wọ́n fi àrùn éèdì ṣe bojúbojú. Tarântula ni wọ́n pe iṣẹ́ ọjọ́ náà. Bí ọ̀kan bá pariwo ní ìkóríta pé “Mona, esconde o aqué, lá vem o alibã,” èkejì ti mọ̀ pé kí òun fi owó pamọ́, ọlọ́pàá ń bọ̀. Ọlọ́pàá ò gbọ́ nǹkan kan.

Linn wá dé. Wọ́n bí i ní São Paulo ní 1990, ó sì dàgbà ní ìgbèríko ìpínlẹ̀ náà láàárín àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà. Quebrada tó wà lórúkọ rẹ̀ ni àdúgbò àwọn tálákà lẹ́yìn ìlú. Ó gbé orin Enviadescer jáde ní 2016, orin fọ́ńkì, ohun tí ọkùnrin fi ń fọ́nnu lórí obìnrin tẹ́lẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ dáwó fún Pajubá, BadSista sì ló bá a ṣe ìlù rẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà ó wà nínú fíìmù Corpo Elétrico. Ní 2018, Bixa Travesty, fíìmù nípa ayé rẹ̀ àti àrùn jẹjẹrẹ tó bá a fínra, gba ẹ̀bùn Teddy, èyí tí wọ́n ń fún fíìmù nípa àwọn bíi tirẹ̀, níbi àjọ̀dún fíìmù Berlin. Lọ́dún náà sì ni ìdánwò àṣewọlé yunifásítì Brasil bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè lórí pajubá, Bolsonaro tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò yàn sípò ààrẹ sì bínú. Ó ṣe eré Segunda Chamada ní tẹlifíṣọ̀n Globo, 2019. Àwo kejì, Trava Línguas, 2021.

Ní 2022 ó wọ Big Brother Brasil, ẹ̀gbọ́n èyí tí àwa ń wò níbí. Àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ ọkùnrin pè é, olóòtú sì bi í nípa ohun tó fín sókè ìpéǹpéjú rẹ̀: ela. Ó ní ìyá òun ló máa ń ṣìṣe, lòun fi kọ ọ́ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ní lè sọ pé òun ò rí i.

Mo fi àwòrán náà han màmá mi. Wọ́n fa fóònù sún mọ́jú. “Ẹ̀là? Ẹ̀là Ọ̀rúnmìlà? Ọmọ awo nìyí!” Mo ní rárá, Potogí ni, ohun tí wọ́n fi ń pe obìnrin nìkan ni. Wọ́n ní kí n sọ ọ́ ní Yorùbá kó yé àwọn. Mo rò ó títí. “Ó” nìkan ni mo rí.