Kò sí àtẹ̀gùn nínú orin

Àbúrò mi kan gbé páálí kékeré kan wá sílé, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Wọ́n fi àwọ̀ góòlù kọ "32-bit/384 kHz" gàdàgbà sára rẹ̀. DAC ló rà, ẹ̀rọ tó ń sọ nọ́ńbà inú fóònù di iná tí spíkà tàbí earpiece lè fi dún.

"Ẹ̀gbọ́n, CD ò ju 16-bit/44.1 kHz lọ o. Ẹ wo tèmi!"

Ìwé kan wà nínú páálí náà tí wọ́n ya àwòrán ohùn sí. Ti CD rí ṣágiṣàgi bí àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ti ẹ̀rọ tuntun ń dán geere. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwòrán yẹn ti ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Irọ́ ni.

Ẹ wo télọ̀ tó fẹ́ gé ọrùn bùbá. Á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì tó, tó, tó sára aṣọ, á wá fi sísọ́ọ̀sì tẹ̀ lé àmì náà roboto. Ta ló wọ bùbá tí ọrùn rẹ̀ rí bí àtẹ̀gùn rí? Bí nọ́ńbà inú CD ṣe rí nìyẹn: àmì 44,100 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan (òun ni 44.1 kHz; kHz kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún ìgbà nínú ìṣẹ́jú àáyá), kò sí nǹkan kan láàárín wọn. Asẹ́ inú DAC ló ń fa ìlà gba orí wọn. Télọ̀ méjì lè gba orí àmì kan náà kí ọrùn má rí bákan náà, ṣùgbọ́n DAC kò láǹfààní irú ìyẹn. Tí wọ́n bá ti sẹ́ gbogbo ohùn tí gbígbọ̀n rẹ̀ yára tó ìdajì iye àmì náà kúrò nígbà tí wọ́n ń gbà á sílẹ̀, ìlà kan ṣoṣo ló kù tó lè gba orí gbogbo wọn kọjá. Ẹnjiníà Harry Nyquist ti la ọ̀nà ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 1928, onímọ̀ ìṣirò Claude Shannon sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lọ́dún 1949. Ìdajì 44.1 kHz jẹ́ 22.05 kHz. Etí ọmọdé tó yè kooro kì í gbọ́ kọjá nǹkan bíi 20 kHz. Ti àwa tí a ti ń hu ewú, ẹ má wulẹ̀ bi mí.

Ní ti bit, ìyẹn gígùn nọ́ńbà àmì kọ̀ọ̀kan, bí ariwo abẹ́ orin ṣe máa kéré tó ló ń sọ. 16-bit ń fún wa ní nǹkan bíi 96 dB (ìwọ̀n bí ohùn ṣe ń pariwo tó) láàárín ohùn tó ń pariwo jù àti ariwo náà. Yàrá tó dákẹ́, tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ti kú, ṣì ní ariwo bíi 30 dB nínú. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ariwo abẹ́ CD níbẹ̀ á gbé orin sókè dé nǹkan bíi 126 dB, etí á sì ti máa ro ó. 24-bit wúlò fún ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀, kí akọrin má baà ṣàdédé pariwo mọ́ ọn lọ́wọ́. 32-bit ara páálí ńkọ́? Iye tó lè wọlé sínú ẹ̀rọ ni. Èyí tó ń jáde, kódà lára DAC tó dára jù, kò ju nǹkan bíi 21 lọ.

Ìdákẹ́jẹ́ ló yẹ ká máa sanwó fún. Ilé ìjọsìn kan pè mí nítorí "hùùùù" tó ń jáde nínú spíkà wọn. Wọ́n ti pààrọ̀ DAC lẹ́ẹ̀mejì. Mo fa ṣájà lápútọ́ọ̀pù yọ lára iná, ó pa lọ́lọ́. Wáyà ilẹ̀ ṣájà àti ti amplifáyà ló jọ di òrùka tí ariwo iná ń gbà rìn. DAC tó bá ya iná kọ̀ǹpútà sọ́tọ̀ kúrò lára iná ohùn ì bá ti gbà wọ́n.

Ohun kejì tó yẹ ká wò ni ohm (ìwọ̀n ìdènà iná) ẹnu ọ̀nà àbájáde DAC. Kó má ju ìdá kan nínú mẹ́jọ ti earpiece yín lọ: earpiece 16 ohm, DAC 2 ohm tàbí kó dín. Tó bá pọ̀ jù, earpiece mìíràn á máa yí bàsì padà. Wáyà kékeré tí a fi ń so earpiece mọ́ fóònù, tí Apple ń tà ní dọ́là 9 ní Amẹ́ríkà, yege nínú èyí, DAC sì wà nínú rẹ̀.

Àbúrò mi ní òun ń gbọ́ ìyàtọ̀. Mo ní kó gbé orin rẹ̀ wá, MP3 128 kbps ni, orin tí wọ́n fún pọ̀ kí fáìlì rẹ̀ lè kéré. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ inú rẹ̀ ń dún bí omi tó ń dà sórí páànù. Ẹni tó fún orin náà pọ̀ ti da èyí tó tín-ín-rín jù nínú ohùn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nù, DAC wo ló fẹ́ wá a padà? Ìyàtọ̀ tó ń gbọ́, mo fura sí fólúùmù: àpótí tuntun náà kàn ń ké ju fóònù lọ ni, etí sì máa ń ka ohun tó fi 1 dB péré ga sí èyí tó dùn jù.

Tí ẹ bá dé ìsọ̀, ẹ mú earpiece tiyín dání. Ẹ má fi orin kankan sí i, ẹ gbé fólúùmù dé òkè, kí ẹ tẹ́tí sí "sìììì". Lẹ́yìn náà kí ẹ ki ṣájà bọ lápútọ́ọ̀pù, kí ẹ tún gbọ́. Ọlọ́jà lè máa wo ẹni tó ń tẹ́tí sí òfìfo bí ẹni tí nǹkan ń ṣe. Ẹ jẹ́ kó máa wò.