Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ìsoríkọ́ ló ń bá ọmọdé fínra?

Ìbéèrè: Ọmọ ọdún 9 ni ọmọ mi. Ó ń lọ sílé ìwé, kì í sunkún, àmọ́ gbogbo nǹkan ló ń bí i nínú báyìí. Ṣé ìsoríkọ́ máa ń rí bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Omijé ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń wá, wọn ò sì rí i. Ọmọdé kì í sábà mọ bó ṣe máa sọ pé ọkàn òun bà jẹ́, nítorí náà ara àti ìwà rẹ̀ ló máa ń sọ ọ́. Á máa kanra mọ́ àbúrò rẹ̀. Orí á máa fọ́ ọ, inú á máa run ún láàárọ̀ ọjọ́ ilé ìwé, dókítà á sì yẹ̀ ẹ́ wò títí láìrí àrùn kankan. Eré tó fẹ́ràn jù kò ní wù ú ṣe mọ́. Èyí ló máa ń kọ mí lóminú jù, torí ọmọ tí inú ń bí lásán ṣì máa ń sáré tọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ tí wọ́n bá pè é síta.

Ìbéèrè: Kí ni olùkọ́ lè rí tí òbí ò ní rí?

Ìdáhùn: Olùkọ́ ló ń rí i láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀: ó ń dá jókòó nígbà ìsinmi, kì í nawọ́ dáhùn ìbéèrè mọ́, ọkàn rẹ̀ ò pa pọ̀ sórí ẹ̀kọ́. Òbí ló mọ̀ pé kì í sùn dáadáa tàbí pé oúnjẹ ò lọ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ jọ sọ ọ́ fúnra yín. Ó máa ń dùn mí pé ọmọ tó ń da kíláàsì rú máa ń jìyà, tí wọ́n á sì máa yin èyí tó dákẹ́ sẹ́yìn pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni, nígbà tó lè jẹ́ pé ohun kan náà ló ń ṣe àwọn méjèèjì.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ló kọjá ìbànújẹ́ lásán?

Ìdáhùn: Bó bá ti tó ọ̀sẹ̀ 2 tó ń rí bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ọjọ́, tó sì ń ṣàkóbá fún un nílé tàbí nílé ìwé, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Àìtó ẹ̀jẹ̀ náà lè mú kó máa rẹ ọmọ, kí eré má sì wù ú ṣe, wọ́n á yẹ ìyẹn náà wò.

Ìbéèrè: Bí mo bá bi í bóyá ó ń ronú ikú, ṣé mi ò ní fi èrò náà sí i lọ́kàn?

Ìdáhùn: Rárá. Ìbéèrè kì í fi èrò yẹn síni lọ́kàn. Ó sábà máa ń tu ọmọ lára pé ẹnì kan béèrè. Ẹ fohùn jẹ́jẹ́ bi í: “Ṣé ó ti ṣe ọ́ rí bíi pé kó o má sí láyé mọ́?” Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má bú u, ẹ má sì halẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ kó oògùn àti ohun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe kúrò nítòsí, kí ẹ sì gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà lọ́jọ́ yẹn gan-an.