Léèsì orí rigid heddle: wọn ò fa òwú kankan yọ

Ohun tó máa ń bí àwọn tó ń hun ìborùn léèsì nínú ni kí èèyàn gbé aṣọ náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, kó ti ìka bọ ihò ara ẹ̀, kó wá béèrè pé òwú wo ni wọ́n fà yọ níbẹ̀. Wọn ò fa nǹkan kan yọ. Ẹ ka òwú tó wọ ibi tó ní ihò, ẹ tún ka èyí tó jáde, iye kan náà ni. Ìpààrọ̀ ààyè ló wà níbẹ̀, kò sí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí wọ́n ṣe ń ta òwú sórí òfì, ẹ jẹ́ ká fò ó, kíkà àti sùúrù ni. Òòyà yẹn ló yẹ ká mọ̀, òun ni wọ́n ń pè ní rigid heddle: ihò kan, àlàfo gígùn kan, ihò kan, àlàfo kan, bẹ́ẹ̀ títí dé òpin, òwú òòró kọ̀ọ̀kan sì ní ibi tó ń gbà. Tí ẹ bá gbé òòyà sókè, àwọn tó wà nínú ihò á bá a lọ, àwọn inú àlàfo á jókòó jẹ́jẹ́ wọn, òwú á ya ẹnu, òwú ìbú á gba ẹnu yẹn kọjá. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ẹnu kejì á yà. Ẹnu méjì péré ló mọ̀. Òòyà yìí kan náà ni wọ́n fi ń ti òwú ìbú wọlé, títì jẹ́jẹ́ sì ni fún léèsì o, ẹni tó bá ń gbá a gbì-gbì ti ń pa ihò dé.

Nínú gbogbo léèsì tí wọ́n ń hun lórí ẹ̀, leno ló dùn jù, ìyẹn èyí tí òwú òòró méjì-méjì ti ń kọ́ra. Òòyà á dúró láàárín, gbogbo òwú á tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹni tó ń hun á mú igi pẹlẹbẹ tó ṣe ṣóńṣó lẹ́nu, á bẹ̀rẹ̀ láti etí ọ̀tún, á kan òwú méjì àkọ́kọ́, á ti ti ọ̀tún gun orí ti òsì lọ sí òdì kejì, ti òsì á wá yọjú láti abẹ́ lápá ọ̀tún, òun ni igi máa gbé sókè, èyí tó gun orí lẹ́ẹ̀kan á wá wà lábẹ́ igi. Ó tún kan méjì mìíràn. Tó bá ṣe é dé etí kejì, á gbé igi yẹn dúró lórí etí ẹ̀, ẹnu tóóró kan á yà, òwú ìbú á gba ibẹ̀ kọjá, á yọ igi. Ìlà kan nìyẹn. Ìborùn tó fẹ̀ tó ínǹṣì 20 lórí òòyà tó ń gba òwú 10 sí ínǹṣì kan, òwú 200 ni, ìpààrọ̀ 100 fún ìlà kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fẹ́ ìlà 40, kó ṣírò ẹ̀ fúnra ẹ̀.

Ẹ padà síbi igi yẹn o, èyí tó gba abẹ́ kọjá ni wọ́n gbé sókè. Ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà. Ẹ wo ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó sùn lórí ẹní kan, ẹsẹ̀ wọn ò ṣeé sún, aṣọ tí wọ́n ti hun ló dì í mú, orí wọn náà ò ṣeé sún, ìyá wọn, ìyẹn òòyà, ti mọ ibi tí kálukú ń gbé e sí. Àárín nìkan ló ṣeé yí. Àbúrò wá rá gba abẹ́ ẹ̀gbọ́n bọ́ sí òdì kejì, ẹnì kan ti ọ̀pá bọ àárín wọn, àbúrò wà lórí ọ̀pá, ẹ̀gbọ́n wà lábẹ́ ẹ̀. Kí àbúrò máa wá padà sáyè ẹ̀ báyìí, ó gbọ́dọ̀ gba abẹ́ ẹ̀gbọ́n, àmọ́ ọ̀pá ti wà lábẹ́ òun fúnra ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ dìde, ọ̀pá wà lórí ẹ̀. Àwọn méjèèjì ti há, ẹnikẹ́ni ò sì lu ẹnikẹ́ni. (Àfiwé yìí ti fẹ́ di ẹjọ́ ẹbí, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.) Tó bá jẹ́ èyí tó gun orí lẹ gbé sórí igi, wọ́n á kàn yọ̀ padà sáyè wọn, ẹ ò ní rí léèsì kankan.

Nígbà tí òwú òòró dì lórí, tó tún dì nísàlẹ̀, ìlọ́ tẹ́ ẹ bá ṣe níwájú òwú ìbú á bí èkejì ẹ̀ lẹ́yìn, lódìkejì. Lílọ́ okùn ò rí bẹ́ẹ̀, torí òpin okùn kan ò dì mọ́ nǹkan kan. Ní tibí, ẹ̀ẹ̀kan lẹ lọ́ ọ, ẹ̀ẹ̀kejì, ọ̀fẹ́ ni. Ìlà tó tẹ̀ lé e á kàn jẹ́ híhun lásán, òòyà á ṣe é, ó sì máa dá kálukú padà sí ipò ẹ̀ fún ìpààrọ̀ tó ń bọ̀.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ pé ihò ń sọ aṣọ di aláìlágbára ò fi bá leno mu. Òwú ìbú ibẹ̀ há sáàárín òwú tó kọ́ra, kò lè rìn. Irú híhun yìí náà ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ àpò aláwọ̀n tí wọ́n ń kó àlùbọ́sà sí, ṣé èèyàn á fi aṣọ aláìlágbára ru ìyẹn ni?

Àléébù ẹ̀ ni pé òòyà ò rántí nǹkan kan. Ìpààrọ̀ 100 tẹ́ ẹ ṣe ní àná, ẹ tún máa ṣe é lónìí, ọwọ́ nìkan ló mọ̀ ọ́n. Tí òwú bá sì le jù, kò ní gba ìkọ́ra, ẹ ní láti dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Òwú tó ní irun náà á máa lẹ̀ mọ́ra, ihò ẹ̀ ò sì ní hàn dáadáa.

Ti leno, ẹ ti ń rí ihò ẹ̀ lórí òfì. Àmọ́ irú kan wà tí wọ́n ń ti igi bọ ẹ̀yìn òòyà láti fi ṣa òwú inú àlàfo nìkan (àwọn inú ihò, òòyà ti dì wọ́n mú), kí òwú ìbú lè fo àwọn kan láìdì mọ́ wọn. Lórí òfì, ó máa ń dà bí aṣọ tí wọ́n hun kù. Ìgbà tó bá wọ omi lọ́wọ́ọ́wọ́ tí òwú rí ààyè sún ni àwọn tó fò á kó jọ, tí ihò á là. Ọ̀pọ̀ ló ti tú u kí omi tó kàn án.